Àpò Omi Mẹ́rin Lójúmọ́: Ẹ̀dínwó Ìjọba Kò Tíì Dé Ilé Bàbá Mi

Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìkéde jáde pé Ààrẹ Bọ́lá Tinubu ti fọwọ́ sí i kí owó fífọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kídìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀. Fóònù mi kò sinmi fún ọjọ́ méjì. Àbúrò mi obìnrin pè láti Port Harcourt, ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìlọrin. Ọ̀rẹ́ kan tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa ètò ìṣèlú ní yunifásítì, tí ó mọ̀ pé n kì í pẹ́ rí àléébù nínú ohun tí ìjọba bá ṣe, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé kí n gbà pé wọ́n ṣe dáadáa lọ́tẹ̀ yìí. Mo gbà. Mo tún ń gbà á níbí yìí, kí n tó sọ ohun tí ó kù.

Ohun tí ó kù ni pé bàbá mi, ẹni ọdún 75, tí ó ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nínú ilé ní Kubwa láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, kò ní rí kọ́bọ̀ nínú ẹ̀dínwó náà àfi bí ó bá fi ilé sílẹ̀ lọ bá ẹ̀rọ. Ara rẹ̀ le ju bí ó ti wà nígbà tí ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó ń sùn, ó ń jẹun, ó ń bá mi jà lórí òṣèlú. Ṣùgbọ́n owó ìjọba wà ní ibì kan, òun sì wà ní ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń jiyàn lórí ètò ìṣúná kò tíì fi ojú rí iṣẹ́ yìí. Ọ̀nà méjì ni a fi ń ṣe iṣẹ́ kídìnrín fún ẹni tí tirẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Èkíní ni ti ẹ̀rọ: wọn á fa ẹ̀jẹ̀ jáde láti ọwọ́ tàbí ọrùn, ẹ̀rọ á sẹ́ ẹ, á sì dá a padà sí ara. Wákàtí mẹ́rin ni lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ sì ni ìlànà tí àwọn oníṣègùn fọwọ́ sí. Omi tí ẹ̀rọ náà ń lò ní ìjókòó kan tó lítà 120, omi tí a ti sẹ́ lọ́nà àkànṣe, iná kò sì gbọdọ̀ lọ. Èkejì ni ti ikùn. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ìfun wa, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké sì kún inú rẹ̀. Dókítà á fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ ìdodo, ibẹ̀ ni a ó sì máa gbà da omi oníyọ̀ àti oníṣúgà, lítà méjì, sínú ikùn. Omi náà á wà níbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, á máa fa ìdọ̀tí àti omi tí ó pọ̀ jù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó tú u jáde, a ó da tuntun sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, lójoojúmọ́. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa, kò sí ẹ̀rọ nínú rẹ̀, kò sì nílò iná. Àpò tuntun á wà lókè, àpò òfìfo á wà nílẹ̀, omi á sì máa ṣàn bí omi ti ń ṣàn.

Ní orílẹ̀-èdè tí gíríìdì iná ọba ti dà wó lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọdún 2024 nìkan, ènìyàn á rò pé ọ̀nà kejì yìí ni ìjọba yóò kọ́kọ́ sáré sí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bá ń gba ikùn fọ ẹ̀jẹ̀ dà bí ẹni tí ó ń sọ èdè kan tí aládùúgbò rẹ̀ kò gbọ́.

Ìfẹ́ ilé kọ́ ni ó gbé wa dé ìdí rẹ̀, ìyanṣẹ́lódì ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí bàbá mi ti ń bá yí láti ìgbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba ni ó ba kídìnrín rẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2021 ó bẹ̀rẹ̀ sí lo ẹ̀rọ ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní ìlú yìí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó wa mọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ, àwọn dókítà onímọ̀ọ́ṣe tí wọ́n wà ní abẹ́ ẹgbẹ́ NARD daṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó kéde pé àwọn dá ìyanṣẹ́lódì náà dúró. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn, ṣùgbọ́n dókítà tí yóò fọwọ́ sí ìwé kò sí. A lọ sí ti aládàáni. Owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì di ẹ̀ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ bàbá mi wú. Tí ilẹ̀ bá ṣú, kò lè dùbúlẹ̀. Orí àga ni ó ń sùn, kí omi tí ó ti kún àyà rẹ̀ má baà sé èémí rẹ̀.

Mo kọ àpilẹ̀kọ méjì lórí ìyanṣẹ́lódì náà. Nínú méjèèjì mo sọ pé ìjọba ni ó jẹ̀bi, nítorí àdéhùn tí a fọwọ́ sí tí a kò mú ṣẹ ni ó fa gbogbo rẹ̀, mo sì ṣì dúró lórí rẹ̀ títí di òní. Mo kọ èkejì lórí bẹ́ǹṣì tí ó wà níwájú ilé ìwòsàn aládàáni náà, nígbà tí a ń dúró kí owó tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ wọlé.

Ní yàrá tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀, kí ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀, ni a ti mọ Alhaji kan tí ó wá láti Gashua, Ìpínlẹ̀ Yobe. Ẹni tí ó bá ń tẹ̀lé ìròyìn àríwá á ti gbọ́ nípa àrùn kídìnrín tí ó ń gba ẹ̀mí ènìyàn ní Gashua àti gbogbo ilẹ̀ Bade lẹ́bàá odò Komadugu-Yobe. Àwọn onímọ̀ ti yẹ omi wò, wọ́n ti yẹ ilẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fura sí àwọn èròjà líle bí òjé tí ó wà nínú omi mímu. Àgbẹ̀ ni Alhaji yìí. Ó gba yàrá kan sí Mararaba kí ó lè súnmọ́ ẹ̀rọ, ó sì fi ìyàwó méjì àti oko ìrẹsì sílẹ̀ lọ́nà jíjìn. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní Kaduna fún ọdún mẹ́sàn-án, ó sì gbọ́ Hausa dáadáa. Òun ni ó ń ṣe ògbufọ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń ka àwọn oúnjẹ tí kò dára fún un: ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, ẹ̀wà tí ó pọ̀ jù, omi tí ó ju ìwọ̀n lọ. Alhaji á rẹ́rìn-ín, á ní ṣé kí òun wá máa jẹ iyanrìn ni. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ìyanṣẹ́lódì náà, a pe nọ́mbà rẹ̀ láti sọ fún un pé a ti rí ibòmíràn. Fóònù dún títí, kò sí ẹni tí ó gbé e. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú fóònù bàbá mi.

Nọ́ọ̀sì kan ni ó kọ́kọ́ dárúkọ ọ̀nà ikùn fún wa, lẹ́yìn tí ìyanṣẹ́lódì ti parí. Ó bi ìyá mi pé, “Màmá, ṣé ẹ lè fọ ọwọ́ yín fún ìṣẹ́jú mẹ́ta láì jẹ́ kí ọkàn yín lọ sí ibòmíràn?” Ìyá mi, tí ó fi ọdún 31 kọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wò ó bí ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dán wò.

Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi kọ́ wa. Ẹ̀kọ́ náà rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti máa ṣe ní ìgbà 1,460 lọ́dún. A ó ti fèrèsé, a ó pa fáànù, ìbáà jẹ́ oṣù Kẹta nígbà tí ooru Abuja ń yan ènìyàn bí ẹran súyà. A ó fi aṣọ bo imú àti ẹnu. A ó fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, a ó sì nù ún gbẹ. A ó yẹ ọjọ́ tí ó wà lára àpò wò, a ó tẹ̀ ẹ́ bóyá ó ń jò. Orí rọ́bà tí ó wà lára bàbá mi àti ẹnu rọ́bà àpò, kò sí ohun tí ó gbọdọ̀ kàn wọ́n, títí kan ọwọ́ tí a ti fọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí a fi ń so méjèèjì pọ̀ ni gbogbo ewu wà, nítorí kòkòrò àrùn tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé, inú ikùn ni ó ń lọ tààrà.

Ìka ọwọ́ bàbá mi ti le, ó sì máa ń gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ dókítà rò pé ẹni tí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ so rọ́bà kò yẹ fún ọ̀nà yìí, pé ti àwọn ọ̀dọ́ ni. Ní ilẹ̀ Faransé, ó ti pẹ́ tí nọ́ọ̀sì ti ń lọ sí ilé àwọn arúgbó láti bá wọn ṣe é, ètò ìlera ìjọba sì ni ó ń sanwó. Nílé wa, ìyá mi ni nọ́ọ̀sì. Aago mẹ́fà àárọ̀ àti aago méjìlá ọ̀sán jẹ́ tirẹ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, aago mẹ́wàá alẹ́ sì jẹ́ tèmi ní ọjọ́ tí mo bá sùn síbẹ̀. Kọ́ọ̀bù irin tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́ tẹ́lẹ̀ ni a fi ń gbé àpò kọ́ sára irin fèrèsé.

Iṣẹ́ tí bàbá mi gbà fún ara rẹ̀ ni ti ìwé. Ọdún 35 ni ó fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kò sì sí ohun tí ó gbàgbọ́ tí kò sí nínú fáìlì. Ó fa ìlà sí ìwé ńlá kan: ọjọ́, aago, iye omi tí ó wọlé, iye tí ó jáde, ìwọ̀n ara, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ohun tí a ṣàkíyèsí. Tí omi tí ó jáde bá kéré sí èyí tí ó wọlé fún ọjọ́ méjì, òun ni yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá òun ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí nọ́ọ̀sì ti sọ fún wa pé ìfun tí ó bá kún máa ń di ọ̀nà rọ́bà. Dókítà tí ó rí ìwé náà ní ọdún tó kọjá ní òun kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọba ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ bóyá àrùn ti wọ ikùn ni pé kí a gbé ìwé tí a tẹ̀ sí ẹ̀yìn àpò omi tí ó jáde. Tí a bá lè ka lẹ́tà inú rẹ̀ kedere, ara le. Ìwé ìròyìn ni bàbá mi máa ń lò. Láti ọdún 2022, gba inú omi ikùn rẹ̀ ni ó ti ń ka àkọlé nípa owó epo, nípa ìdìbò, nípa àwọn gómìnà tí wọ́n yí ẹgbẹ́ padà. Ó ní àwọn mìíràn nínú wọn kò mọ́ rárá, bí omi ti wù kó mọ́ tó.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni lẹ́tà náà ṣú. Ọjọ́ tí ó bọ́ sí ni ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, ọjọ́ ìdìbò Ààrẹ. Mo ní iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò kan láti aago méje. Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ìyá mi pè mí sí yàrá: omi tí ó jáde dà bí omi ògì, bàbá mi sì ń di ikùn mú. Ìlànà tí wọ́n kọ́ wa ni pé kí a má ṣe dúró, kí a gbé àpò náà gan-an lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ rántí bí ọjọ́ náà ti rí. Ìjọba ti ní kí ọkọ̀ má ṣe rìn. Owó tuntun tí ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ pààrọ̀ kò sí ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ti àtijọ́ ni àwọn ènìyàn kò fẹ́ gbà mọ́, POS sì ń kùnà. Ibi mẹ́ta ni sójà ti dá wa dúró ní ọ̀nà Kubwa. Ní ibi kejì, sójà kan ní kí n ṣí àpò tí ó wà lẹ́sẹ̀ mi, bóyá ó rò pé ìwé ìdìbò ni. Ó rí omi funfun náà, ó wo bàbá mi lẹ́yìn ọkọ̀, ó ní, “Baba, sannu,” ó sì gbé igi kúrò lọ́nà.

Oògùn tí yóò pa kòkòrò náà, inú àpò omi ni wọ́n ń pò ó sí kí ó lè dé ibi tí àrùn wà. Kò sí ní ilé ìwòsàn. Olóògùn tí ó ní i wà ní ìta; fóònù mi fi owó ránṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, owó kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà, ọmọ Igbo tí n kò rí rí, wo bébà dókítà, ó kọ nọ́mbà mi sílẹ̀, ó sì fún mi ní oògùn. Ọjọ́ Ajé ni owó náà tó wọlé fún un. Mo ti jiyàn púpọ̀ lórí ìdìbò 2023 nínú ìwé àti lórí afẹ́fẹ́, mo sì ka àwọn èsì rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìbò tèmi kò sí níbẹ̀. Ara bàbá mi yá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, rọ́bà náà kò sì bàjẹ́.

Àrùn yẹn nìkan kọ́ ni ewu ọ̀nà ilé ní Nàìjíríà. Ewu tí ó le jù ni ti ẹrù. Ẹ ṣírò rẹ̀: lítà méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ọgbọ̀n ọjọ́. Lítà 240 ni lóṣù, ìwúwo rẹ̀ sì ju ti ọkùnrin mẹ́ta lọ. Láti òkè òkun ni omi tiwa ń wá; oníṣòwò kan ní Èkó ni ó ń kó o wọlé, ọkọ̀ akẹ́rù ni ó sì ń gbé e gba Lokoja wá sí Abuja. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, omíyalé bo ọ̀nà Lokoja mọ́lẹ̀, ọkọ̀ sì tò sí ojú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àpò bàbá mi wà nínú ọ̀kan lára wọn. Ó ku àpò mọ́kànlá nílé kí ọkọ̀ náà tó dé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀. Nínú ọdún kan, owó àpò kan ju ìlọ́po méjì lọ. Mo lè ṣàlàyé ìdí tí ètò ọrọ̀ ajé fi béèrè fún ìpinnu náà. Mo ti ṣe é lórí rédíò. Ìyá mi tẹ́tí sí ètò náà, ó sì bi mí nígbà tí mo délé pé ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì tí ó kọ́ wa pẹ̀lú ti lọ. Manchester ni ó wà láti ìparí ọdún 2023. Títí di báyìí, tí ìyá mi bá ya fọ́tò ojú ihò rọ́bà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó máa ń dáhùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, àjọ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé ìlànà jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí ó tó lè gba ìwé ẹ̀rí fún òkè òkun. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń tọ́jú bàbá mi láti Manchester lọ́fẹ̀ẹ́ ṣe ju ẹni tí wọ́n fi ìlànà dá dúró sí ibi tí kò ti rí oògùn fi tọ́jú ènìyàn lọ.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ òṣèlú fún wa tipẹ́. Ní oṣù Kíní ọdún 2010, nígbà tí Ààrẹ Umaru Yar'Adua ti wà ní ilé ìwòsàn ní Saudi Arabia láti oṣù Kọkànlá ọdún tí ó ṣáájú, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ṣàlàyé ní gbangba ní Abuja ìdí tí òun fi fà á kalẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé ó ti fọ ẹ̀jẹ̀ rí, ṣùgbọ́n onímọ̀ tí òun bi léèrè sọ pé ẹni tí kò bá fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́, kídìnrín tuntun ti gbà lára rẹ̀ nìyẹn. Odidi orílẹ̀-èdè jiyàn lórí abala 145 ìwé òfin títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fi gba ìpinnu ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì kí Goodluck Jonathan di adelé Ààrẹ. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kan ní London rán Ike Ekweremadu, igbákejì ààrẹ Ilé Aṣòfin Àgbà tẹ́lẹ̀, sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́jọ, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n mú lọ síbẹ̀ kí ó lè fi kídìnrín rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀ tí ń ṣàìsàn. Nígbà méjèèjì a jiyàn lórí òfin, a jiyàn lórí ìwà. Kò sí ẹni tí ó béèrè ohun tí ẹni tí kì í ṣe Ààrẹ tí kò sì mọ sẹ́nétọ̀ kankan ń ṣe ní alẹ́ tí àyà rẹ̀ bá kún fún omi.

Àwọn tí wọ́n béèrè níbòmíràn rí ìdáhùn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1971, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Shep Glazer jẹ́ kí wọ́n so òun mọ́ ẹ̀rọ níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí i. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí, òfin ti jáde pé Medicare yóò máa sanwó fún àwọn aláìsàn bíi tirẹ̀. Ní Ghana, nígbà tí ilé ìwòsàn Korle Bu fẹ́ fi owó kún owó ẹ̀rọ ní ọdún 2023, ariwo àwọn aláìsàn dé ilé aṣòfin. Nínú ọdún 2024, ètò adójútòfò ìlera wọn bẹ̀rẹ̀ sí sanwó fún àwọn ọmọdé àti àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti ju 60 lọ.

Thailand ni ó wù mí jù. Ní ọdún 2008, ìjọba wọn pinnu pé àwọn yóò sanwó fún fífọ ẹ̀jẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó wà lábẹ́ ètò ìlera gbogbogbòò, ṣùgbọ́n ọ̀nà ikùn ni wọn yóò kọ́kọ́ fún ènìyàn, nítorí pé ẹ̀rọ àti nọ́ọ̀sì kò tó, abúlé sì pọ̀. Ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn ni ó ń gbé àpò omi dé ẹnu ọ̀nà aláìsàn. (Mo sọ èyí fún bàbá mi. Ó ní kí n má dárúkọ NIPOST níwájú òun.) Ní ọdún 2022 wọ́n yí ìlànà náà padà kí aláìsàn lè yan èyí tí ó fẹ́. Àwọn kan ní èyí fi hàn pé ìlànà àkọ́kọ́ kò dára. Lójú tèmi, ohun tí ó fi hàn ni pé ibi tí ìjọba bá fi owó sí ni àwọn aláìsàn ń lọ, nígbà àkọ́kọ́ àti nígbà kejì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ń pín owó fi gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ń yan ibùsùn fún ènìyàn.

Tiwa ńkọ́? Òfin ètò adójútòfò ìlera tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìlànà tí a bá nílẹ̀ kò sanwó ju ìgbà mẹ́fà lọ, fún ẹni tí kídìnrín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọṣẹ́ lójijì. Ìgbà mẹ́fà yẹn kò gbé ẹni tí ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Nípa àpò omi, iyọ̀, ṣúgà àti omi mímọ́ gaara ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ wa ń ṣe omi dírípù tí wọ́n ń fà sí ènìyàn lára, iṣẹ́ tí ó béèrè irú ìmọ́tótó kan náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu pàṣẹ kí a mú owó orí kúrò lórí ẹ̀rọ àti èròjà fún ṣíṣe oògùn nílé. Àṣẹ wà, ilé iṣẹ́ wà. Ẹni tí yóò ṣe ìlérí láti rà á ni kò sí, nítorí kò sí oníṣòwò tí yóò da owó sí ọjà tí ìjọba kò tíì fi hàn pé òun mọ̀ pé ó wà.

Mo padà sí ₦12,000. Ẹ̀ẹ̀mejìlá lóṣù, ₦144,000 ni. Ó ju ìlọ́po méjì owó oṣù tí ó kéré jù lọ, tí í ṣe ₦70,000, síbẹ̀ kò ṣe é fi wé ₦600,000 tí ìbá jẹ́ tẹ́lẹ̀. Owó omi tí a ń rà sí ilé ju ₦144,000 náà lọ fíìfíì, àwa ọmọ mẹ́rin ni a sì ń dá a. Ní oṣù Kẹsàn-án a ṣe ìpàdé lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ó ní ọmọ méjì ní yunifásítì, sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ sọ: pé agbára òun ti pin. Àbúrò mi sunkún. Mo ti ṣe ìwé ìṣirò kan tí ó fi epo ọkọ̀ sí i, tí ó fi wákàtí tí ìyá mi yóò fi jókòó sí ilé ìwòsàn sí i, àti ọjọ́ tí ìyanṣẹ́lódì bá tún dé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìwé náà dára, ṣé ó lè sanwó.

Bàbá mi ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti yàrá. Ó ní kí n gbé fóònù náà wá.

Ó ní, “Mo ka ìkéde náà kí ẹ̀yin tó kà á. Ohun tó dára ni. Wọ́n dín owó ẹ̀rọ kù, wọn kò dín ọ̀nà kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni màmá yín yóò máa gbé mi lọ, ẹni ọdún 70.” Ó sinmi díẹ̀. “Ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kí ọmọ ọmọ mi kúrò nílé ìwé nítorí kí n lè máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Àkànní, bá mi wá dókítà tó ń ṣiṣẹ́ iṣan ọwọ́.”

Ìyá mi kò sọ nǹkan kan. Aago mẹ́wàá ti lù. Ó dìde lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tèmi ni alẹ́ ọjọ́ náà.

Wọ́n ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà. Iṣan ọwọ́ òsì ni wọn yóò so pọ̀, ó sì máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ó tó le tó láti gba abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá ṣe é ní ọjọ́ tí wọ́n dá, ọ̀sẹ̀ kẹjọ yóò bọ́ sí ọjọ́ 56 lẹ́yìn rẹ̀. Mo ka àpò tí yóò kù ní yàrá ẹ̀yìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà: 212. Ọjọ́ 53 ni ìyẹn. Mo ti pe oníṣòwò Èkó kí ó fi páálí mẹ́ta sí ọkọ̀ tí ń bọ̀, mo sì ti béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ bí ọ̀nà Lokoja ṣe rí.